Epo ẹ̀dọ̀ kọ́ọ̀dù tàbí epo krill? Oúnjẹ ẹran omi ló máa sọ èyí tó yẹ kẹ́ ẹ rà

Orí pẹpẹ kan náà ni wọ́n máa ń to àwọn méjèèjì sí ní kẹ́míìsì. Igo òróró aláwọ̀ ìyeyè wà lápá kan, àwòrán ẹja wà lára rẹ̀. Ike hóró pupa wẹ́wẹ́ wà lápá kejì, tòun ti àwòrán yìnyín àti pẹ́ńgúìnì. "Òmẹ́gà-3" ni wọ́n kọ gàdàgbà sára méjèèjì. Hóró pupa ló sábà máa ń wọ́n jù, ìyẹn ló sì mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé òun ló dára jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ya epo méjèèjì sọ́tọ̀ ni ohun tí àwọn ẹran tí epo náà ti wá ń jẹ. Ọ̀kan wá láti òkè téńté àríwá ayé, níbi tí oúnjẹ ti ń gba ẹnu méjì mẹ́ta kọjá kó tó dé ikùn ẹja kọ́ọ̀dù. Èkejì wá láti ìsàlẹ̀ pátápátá ní gúúsù, níbi tí krill, ẹran omi kékeré tó jọ edé, ti ń fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ ewéko omi. Ẹni tó bá mọ ohun tí àwọn ẹran náà jẹ á mọ ohun tó wà nínú igo àti ohun tí kò sí níbẹ̀.

Ká ti ibi ìdájọ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń gbé ní London tàbí Chicago, tí oòrùn kì í kan ara rẹ̀ nígbà òtútù, epo ẹ̀dọ̀ kọ́ọ̀dù olómi ló yẹ kó rà, nítorí fítámì D. Aboyún kò gbọdọ̀ mu ún. Ẹni tí epo ẹja máa ń mú gùfẹ̀ títí di ọ̀sán lè ra krill, bó bá ti gbà láti san owó lé e. Ẹni tí ara rẹ̀ kọ edé kò gbọdọ̀ fi í sẹ́nu rárá. Ẹni tó wà ní Ìbàdàn tó ń jẹ ṣàwá tàbí títúsì lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kò nílò èyíkéyìí nínú méjèèjì nítorí òmẹ́gà-3. A ó padà sórí ṣàwá yẹn.

Ní gúúsù, ilẹ̀ tí òkun yí ká ni Àǹtátíìkà. Krill ibẹ̀, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Euphausia superba, jọ edé. Bó bá dàgbà tán, ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 6, kò wúwo ju bíi gíráàmù 2 lọ, àmọ́ ó lè lo ọdún 5 sí 7 láyé. Irun wẹ́wẹ́ wà lára àwọn ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ tó ń ká pọ̀ bí ajọ̀. Òun ló fi ń jọ̀ diatom, ìyẹn ewéko tíńtínní tí ojú lásán kò lè rí, tó ní èèpo bíi gíláàsì. Nígbà tí yìnyín bá bo ojú òkun, àwọn ọmọ krill á dojú kọ abẹ́ yìnyín náà, wọ́n á máa ha ewéko tó lẹ̀ mọ́ ọn jẹ bí ẹni ń ha ẹ̀gbẹ́ ìkòkò. Àwọn onímọ̀ ti ṣírò pé àpapọ̀ wọn nínú òkun náà tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 379 tọ́ọ̀nù.

Orí krill yìí ni ilé gúúsù dúró lé. Àbùùbùtán búlúù, ẹran tó tóbi jù láyé, ń gbé e mì ní tọ́ọ̀nù-tọ́ọ̀nù lóòjọ́. Síìlì kan, ìyẹn ẹran ọlọ́mú tó ń wẹ̀ lókun, wà níbẹ̀ tí àwọn òyìnbó sọ ní crabeater, ìyẹn "ajalákàn". Àṣìsọ gbáà ni, nítorí krill ló lé ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún oúnjẹ rẹ̀, eyín rẹ̀ gan-an sì ya ẹ̀ka-ẹ̀ka kó lè máa sẹ́ omi dànù. Pẹ́ńgúìnì Adélie àti chinstrap ń jẹ krill débi pé ìgbẹ́ wọn máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú lórí yìnyín. Síìlì leopard tó ń fa pẹ́ńgúìnì ya, krill ló tún ń sẹ́ jẹ nígbà tí ẹran ńlá kò bá sí nítòsí. Àwọn kan wà tí kò gbára lé e tó bẹ́ẹ̀: síìlì Weddell lè rì ju mítà 500 lọ láti wá ẹja silverfish àti toothfish, pẹ́ńgúìnì emperor náà sì fẹ́ràn silverfish. Àmọ́ ẹ wo inú silverfish fúnra rẹ̀, ẹ ó bá krill kékeré níbẹ̀.

Kí ni ìyẹn wá fi sínú hóró pupa? Oríṣi òmẹ́gà-3 méjì tí ẹ máa rí lára igo ni EPA àti DHA. Diatom máa ń ní EPA ju DHA lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni epo krill, EPA inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì DHA rẹ̀. Àwọ̀ pupa ibẹ̀ ni astaxanthin. Inú ewéko omi ni ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wá. Irú rẹ̀ ló ń mú kí edé pọ́n tí ẹ bá sè é, òun náà ló sì ń dáàbò bo epo krill kó má tètè bàjẹ́. Apá tó pọ̀ nínú epo náà jẹ́ phospholipid, irú ọ̀rá tó wà nínú pupa ẹyin, tó máa ń dàpọ̀ mọ́ omi. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í léfòó lórí omi inú ikùn bíi ti epo ẹ̀dọ̀, tí gùfẹ̀ olóòórùn ẹja kì í sì í fi í pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mákúrì àti májèlé míì kò rí àyè kóra jọ síbẹ̀, nítorí ẹnu kan ṣoṣo ló wà láàárín ewéko àti àwọ̀n apẹja. Fítámì D ńkọ́? Èyí tó wà níbẹ̀ kò tó ohun tí èèyàn ń torí rẹ̀ náwó, àyàfi tí ilé iṣẹ́ bá fi kún un.

Òdìkejì rẹ̀ ni àríwá. Òkun tí ilẹ̀ yí ká ni Áátíìkì, ẹran kékeré tó sì di ibẹ̀ mú ni Calanus, kòkòrò omi tí kò gùn ju hóró ìrẹsì lọ. Oṣù mélòó kan péré ni oòrùn fi ń ràn dáadáa níbẹ̀. Láàárín àkókò yẹn, Calanus á jẹ diatom àjẹyó, á sọ ọ́ di òróró tó jọ ìda, á kó o sínú àpò ara rẹ̀, á wá rì lọ sínú ibú láti sùn títí òtútù á fi kọjá. Nígbà tó bá yó tán, ìda yìí lè ju ìdajì ìwọ̀n gbígbẹ rẹ̀ lọ. Ẹ ò rí i pé ọ̀rá ń wu gbogbo ẹran ibẹ̀.

Àbùùbùtán bowhead ń la ẹnu gba inú ọ̀wọ́ Calanus kọjá, á fi irun ẹnu rẹ̀ tó gùn tó mítà 4 sẹ́ wọn. Ẹja capelin ń jẹ ẹ́, ṣàwá ń jẹ ẹ́, ẹja polar cod ń jẹ ẹ́ lábẹ́ yìnyín. Kọ́ọ̀dù ńlá ti Òkun Barents wá ń jẹ capelin, ó ń jẹ ṣàwá kékeré, edé àti polar cod. Bí ebi bá pa á, ó ń jẹ ọmọ ara rẹ̀. Síìlì ringed náà ń jẹ polar cod. Béárì funfun ń jẹ síìlì ringed, awọ àti ọ̀rá ló sì ń kọ́kọ́ dojú lé. Bó bá ti yó, ó lè fi ẹran sílẹ̀ fún kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Ẹ ka àwọn ẹnu náà: ewéko, Calanus, polar cod, síìlì, béárì. Ní gúúsù, láti ọ̀dọ̀ ewéko dé ọ̀dọ̀ ẹran tó tóbi jù láyé, krill nìkan ló wà láàárín.

Ọ̀nà oúnjẹ mìíràn tún wà ní àríwá tí ẹran ọlọ́mú kankan kì í tọ̀ ní gúúsù. Etí òkun Áátíìkì tẹ́jú, kò jìn, pàápàá ní agbègbè Bering àti Chukchi. Ewéko abẹ́ yìnyín máa ń pọ̀ nígbà ìrúwé ju ohun tí àwọn kòkòrò omi lè jẹ tán lọ, ìyókù á rì, ẹran oníkarahun inú iyanrìn á sì gbà á. Walrus, ẹran ọlọ́mú ńlá tó ní eyín gígùn, á sọ̀ kalẹ̀, á fi irùngbọ̀n rẹ̀ táàtà nínú ẹrẹ̀, á fi ẹnu fa ẹran náà yọ kúrò nínú karahun. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló lè jẹ lóòjọ́. Síìlì bearded náà ń jẹ nínú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní Àǹtátíìkà, ìwọ̀n yìnyín orí ilẹ̀ ti tẹ etí òkun rì mọ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ ibẹ̀ jìn tó mítà 400 sí 500. Kò sí walrus níbẹ̀, kò sí ohun tó jọ ọ́.

Ìda Calanus máa ń fi àmì sílẹ̀. Nígbà tí ẹja bá jẹ ẹ́, ìda náà á yí padà sí oríṣi ọ̀rá méjì kan tí àwọn oníṣẹ́ ilé àyẹ̀wò ń kọ ní 20:1 àti 22:1. Àwọn ọ̀rá yìí pọ̀ nínú epo kọ́ọ̀dù àríwá. Nínú epo krill, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Bí ẹnì kan bá bu epo lásán, tó fi àwọ̀ pupa sí i, tó ń tà á ní krill, ibẹ̀ ni àṣírí rẹ̀ ti máa ń tú. DHA epo kọ́ọ̀dù sì ju EPA rẹ̀ lọ, òdìkejì ti krill.

Fítámì A àti D ń gun àkàbà oúnjẹ bí ọ̀rá ṣe ń gùn ún, ẹ̀dọ̀ ni wọ́n sì ń kó sí. Èyí ni èrè epo ẹ̀dọ̀, òun náà sì ni ewu rẹ̀. Àwọn Inuit, ìyẹn ọmọ ìbílẹ̀ Áátíìkì, kì í jẹ ẹ̀dọ̀ béárì funfun. Àwọn atukọ̀ Willem Barents, arìnrìn-àjò ojú òkun ọmọ Dutch, tí yìnyín há mọ́ erékùṣù Novaya Zemlya ní Áátíìkì, jẹ ẹ́ ní 1597. Àìsàn kọlù wọ́n, awọ ara àwọn mẹ́ta sì bó láti orí dé ẹsẹ̀. Fítámì A ló ṣe é. Kọ́ọ̀dù kò ga tó béárì lórí àkàbà yẹn, àmọ́ ó ga ju krill lọ dáadáa, ẹ fi èyí sọ́kàn bẹ́ ẹ bá mú ṣíbí.

Ó yá, ká wá wo àwọn igo.

Epo ẹ̀dọ̀ kọ́ọ̀dù olómi ló fún èèyàn ní ohun tó pọ̀ jù fún iye owó rẹ̀. Ní ìwọ̀n tí Ọlọ́run dá a, ṣíbí ìpotíì kan, ìyẹn mílílítà 5, máa ń ní nǹkan bíi mílígíráàmù 800 EPA àti DHA lápapọ̀, pẹ̀lú fítámì D tó tó máíkrógíráàmù 11 (ara igo á kọ ọ́ ní µg). Máíkrógíráàmù 10 lóòjọ́ ni ìjọba Britain ní kí àgbàlagbà gbà, wọ́n sì sọ ọ́ ní pàtó pé kí àwọn aláwọ̀ dúdú, tó fi mọ́ àwa ọmọ Áfíríkà, rò ó láti máa lò ó yípo ọdún, nítorí àwọ̀ wa máa ń gbà kí oòrùn pẹ́ lára kó tó ṣe fítámì D. Ṣíbí kan ti kájú ẹ̀. Igo mílílítà 250 sì jẹ́ ṣíbí 50.

Fítámì A ni ẹ ní láti ṣọ́. Nínú ṣíbí kan náà, epo tí wọn kò dín kù lè ní nǹkan bíi máíkrógíráàmù 1,350. Britain kìlọ̀ pé bí ẹnì kan bá ń gba ju 1,500 lọ lóòjọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, egungun rẹ̀ lè di hẹ́gẹhẹ̀gẹ. Nítorí náà ẹni tó mu ṣíbí kan, tó tún gbé hóró fítámì alápapọ̀ mì, tó sì jẹ ẹ̀dọ̀ màlúù lọ́jọ́ Sátidé, ti rékọjá ààlà. Àwọn ilé iṣẹ́ kan, pàápàá ní Norway, ti ń yọ púpọ̀ nínú fítámì A kúrò. Àwọn míì kò yọ ọ́. Ẹ yí igo padà, ẹ ka iye rẹ̀. Aboyún àti ẹni tó ń wá oyún kò gbọdọ̀ mu epo ẹ̀dọ̀ ẹja rárá, nítorí àpọ̀jù fítámì A lè ba ọmọ inú jẹ́. Epo pupa tiwa kò sí nínú ìkìlọ̀ yìí o: ohun tó wà nínú rẹ̀ ni èròjà tí ara fúnra rẹ̀ ń yí padà sí fítámì A, ìwọ̀n tó bá nílò nìkan ló sì máa ń yí padà.

Ẹ kíyè sí i pé hóró epo ẹ̀dọ̀ kọ́ọ̀dù kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú olómi rẹ̀. Hóró mílígíráàmù 500 kò lè ní ju bíi 100 EPA àti DHA lọ, àyàfi tí wọ́n bá ṣe é kó lágbára sí i. Hóró mẹ́jọ ló tó ṣíbí kan. Àwọn tó ń gbé hóró kan mì láràárọ̀ tí wọ́n ń sọ pé àwọn ń mu kọ́ọ̀dù-lífà, oríyìn ni fún wọn, ṣùgbọ́n kò tíì tó nǹkan.

Májèlé ńkọ́? Àkàbà gígùn ń gbé e gòkè bó ṣe ń gbé fítámì. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ rí i pé wàrà ọmú àwọn ìyá Inuit ní Nunavik, ní àríwá Quebec ní Canada, tí wọ́n ń jẹ ẹran omi, ní kẹ́míkà PCB tó ju ti àwọn ìyá gúúsù Quebec lọ dáadáa, bẹ́ẹ̀ sì rèé kò sí ilé iṣẹ́ kankan nítòsí wọn. Èyí kò ní kẹ́ ẹ sá fún igo, nítorí wọ́n máa ń fi ooru fa májèlé yìí kúrò nínú epo ẹ̀dọ̀ kó tó dé ọjà. Ooru yẹn ń gbé lára fítámì lọ pẹ̀lú, wọ́n á sì tún fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí fítámì A àti D nínú ohun tí wọ́n kọ pé àwọn fi kún un, ìdí rẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ayédèrú. Epo tí wọn kò fọ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń polówó pé "kò kan iná," ni kẹ́ ẹ béèrè àbájáde àyẹ̀wò rẹ̀.

Hóró krill. Ẹ̀tàn tó wọ́pọ̀ jù wà lójú páálí: "1000 mg" tó wà níwájú jẹ́ ìwọ̀n epo, kì í ṣe ìwọ̀n òmẹ́gà-3, lọ́pọ̀ ìgbà sì rèé ìwọ̀n hóró méjì ni. Ẹ wo ẹ̀yìn. Hóró krill 500 mg máa ń ní EPA 60 sí 75 àti DHA 30 sí 40, ẹ pè é ní 100 lápapọ̀. Àjọ tó ń rí sí oúnjẹ ní Yúróòpù sọ pé 250 mg EPA àti DHA lóòjọ́ ló dára fún ọkàn àgbàlagbà. Ìyẹn jẹ́ hóró méjì àtààbọ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ páálí ní kẹ́ ẹ lo ọ̀kan. Ìṣirò tí ẹ lè ṣe níwájú pẹpẹ nìyí: ẹ fi iye hóró inú ike sọ EPA àti DHA hóró kan di púpọ̀. Ike hóró 60 já sí 6,000 mg. Igo epo kọ́ọ̀dù 250 mílílítà tí à ń sọ lẹ́ẹ̀kan já sí 40,000. Bí ike krill bá wá wọ́n ju igo náà lọ, ẹ mọ ohun tí ẹ ń sanwó fún: ọkọ̀ ojú omi tó lọ dé erékùṣù South Orkney nítòsí Àǹtátíìkà, àti pẹ́ńgúìnì ojú páálí.

Wọ́n á ní phospholipid máa ń wọ ara ju òróró ẹja lọ, nítorí náà díẹ̀ rẹ̀ tó. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Àmọ́ àbájáde àwọn àyẹ̀wò tí wọ́n ti fi ìwọ̀n EPA àti DHA kan náà wé ara wọn kò ṣọ̀kan, ìyàtọ̀ tí wọ́n sì ń rí kò tó ohun tó lè di àlàfo 6,000 sí 40,000. Ẹni tí epo ẹja ń dà nínú rú tàbí tí kò lè gbé hóró ńlá mì ni krill yẹ. Hóró rẹ̀ kéré, oúnjẹ ọ̀sán sì ni kẹ́ ẹ fi tì í wọ inú.

Òórùn rẹ̀ ń dẹ́rù ba àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá ṣí ike, òórùn edé gbígbẹ ló yẹ kó kọ́kọ́ kọlu imú. Kò sí aburú níbẹ̀. Bó bá ń rùn bí ọ̀dà ojú ògiri tàbí bí àdín tó ti pẹ́ jù nínú àgbá, ó ti bàjẹ́. Bí hóró bá lẹ̀ mọ́ ara wọn di odidi kan, ooru ti ṣe wọ́n lọ́ṣẹ́ nínú kọ̀ǹtẹ́nà tàbí lẹ́yìn gíláàsì ilé ìtajà; ẹ dá a padà. Ẹni tí edé, alákàn tàbí ọ̀kàṣà máa ń mú ara rẹ̀ wú kò gbọdọ̀ lò ó, nítorí ẹbí kan náà ni wọ́n. Ẹni tó ń lo warfarin tàbí oògùn míì tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kó sọ fún dókítà rẹ̀ kó tó lo èyíkéyìí nínú epo méjèèjì.

Ohun kan wà tí àwọn oníkrill ṣe tí a gbọ́dọ̀ yìn wọ́n fún. Èròjà tó ń da oúnjẹ nínú ikùn krill lágbára débi pé, bí ẹran náà bá ti kú, á bẹ̀rẹ̀ sí í da ara rẹ̀. Láàárín wákàtí díẹ̀, á ti máa yọ́. Fluoride inú èèpo rẹ̀ á sì máa wọ inú ẹran. Soviet Union gbìyànjú láti sọ ọ́ di oúnjẹ aráàlú ní àwọn ọdún 1970, wọ́n ń ta krill lílọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Okean, àmọ́ kò wọ ọjà lọ títí. Lónìí, inú ọkọ̀ gan-an ni wọ́n ti ń sè é tí wọ́n ti ń gbẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í tilẹ̀ di hóró. Oúnjẹ ẹja salmon inú àgọ́ ló ń dà.

Epo Calanus náà ti wà lọ́jà báyìí, láti Norway. Pupa lòun náà. Ìda tí a sọ lẹ́ẹ̀kan ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, EPA àti DHA rẹ̀ kò pọ̀, owó rẹ̀ sì ga. Ká fi í sílẹ̀ fún ṣàwá. Epo síìlì ti Canada dára nínú ara tirẹ̀, ó ní oríṣi òmẹ́gà kan tí wọ́n ń pè ní DPA tó pọ̀ ju ti epo ẹja lọ, ṣùgbọ́n Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti fòfin de títà á, kò sì ṣòro láti gbé láìsí i.

Ìpamọ́ ni nǹkan ti ń bàjẹ́ jù nílé wa. Epo pupa máa ń dì nígbà ọyẹ́. Epo kọ́ọ̀dù kì í dì nínú fíríìjì, ohun tí kì í jẹ́ kó dì náà ni kì í sì í jẹ́ kó tọ́jọ́. Afẹ́fẹ́, ìmọ́lẹ̀ àti ooru ń tètè bà á jẹ́. Igo dúdú ni kẹ́ ẹ rà, kékeré bẹ́ ẹ bá jẹ́ ẹnì kan. Bẹ́ ẹ bá ti ṣí i, ẹnu ọ̀nà fíríìjì ni ààyè rẹ̀, kó sì tán láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta. Bí iná bá ń lọ fún ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin, hóró sàn ju igo tó ti ṣí lọ, nítorí afẹ́fẹ́ kò tíì wọ inú hóró. Igo tó ní adùn ọsàn tàbí lẹ́mọ́ọ̀nù máa ń bo àṣírí epo tó ti lọ. Ẹ fi ahọ́n tọ́ ọ wò kí ẹ tó gbé e mì, bó bá ń jó ọ̀fun tàbí tó korò, ẹ dà á nù. Ti hóró, ẹ fi eyín já ọ̀kan lóṣù. Àwọn ilé iṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ wọn níṣẹ́ máa ń fi nọ́ńbà àyẹ̀wò tó ń sọ bí epo ṣe bàjẹ́ tó síta: peroxide kò gbọdọ̀ ju 5 lọ, anisidine 20, àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní TOTOX 26. Ti krill àti ti èyí tó ní adùn, ẹ má fi ti anisidine dá wọn lẹ́jọ́, nítorí àwọ̀ àti adùn máa ń da àyẹ̀wò yẹn rú. Ní Nàìjíríà, igo tí kò bá ní nọ́ńbà NAFDAC, ẹ fi sílẹ̀ síbi tẹ́ ẹ ti bá a.

Owó méjèèjì ń gòkè, oúnjẹ ẹran náà ló tún fà á. Nínú omi Àǹtátíìkà tó wà ní ẹ̀gbẹ́ Atlantic, 620,000 tọ́ọ̀nù krill ni CCAMLR, àjọ àgbáyé tó ń ṣọ́ ohun alààyè inú òkun Àǹtátíìkà, gbà kí wọ́n kó lọ́dún. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mílíọ̀nù 379, ó kéré. Ṣùgbọ́n etí Antarctic Peninsula àti South Orkney ni àwọn ọkọ̀ ń rọ́ lọ, ibẹ̀ gan-an sì ni pẹ́ńgúìnì ti ń wá oúnjẹ fún ọmọ, tí àbùùbùtán ń jẹ sí. Òfin tó pín ìkórè náà káàkiri agbègbè mẹ́rin já lulẹ̀ nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè kò lè fẹnu kò ní 2024. Ní 2025, wọ́n kó gbogbo 620,000 náà tán, wọ́n sì ti ìkórè pa ní oṣù kẹjọ, ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ rí. Ní àríwá, wọ́n gé iye kọ́ọ̀dù Òkun Barents sí 340,000 tọ́ọ̀nù fún 2025, bẹ́ẹ̀ mílíọ̀nù kan ni ní 2013. Àwọn àgbà apẹja ibẹ̀ kò tíì gbàgbé 1986 àti 1987, nígbà tí capelin tán lókun: kọ́ọ̀dù ń jẹ ọmọ ara wọn, ẹ̀dọ̀ wọn rù hangogo, ẹyẹ guillemot kú lọ rẹpẹtẹ, síìlì tí ebi ń pa sì rọ́ wá sí etíkun Norway. Ẹ̀dọ̀ ẹja tí kò rí capelin jẹ kì í ní epo tó ṣeé fún.

Ó ku ọjà tiwa. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé pańla gbígbẹ, tó jẹ́ kọ́ọ̀dù kan náà láti Lofoten ní Norway, ní epo yìí. Kò ní. Ẹ̀dọ̀ ni kọ́ọ̀dù ń kó ọ̀rá sí, wọ́n sì ti yọ ẹ̀dọ̀ kí wọ́n tó sá a. Purotéènì ni nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún pańla, ọ̀rá rẹ̀ kò ju bí ìdá kan lọ. Orí rẹ̀ tí a ń fi se ọbẹ̀ dùn, àmọ́ ẹ má tìtorí òmẹ́gà-3 rà á.

Ṣàwá àti títúsì ni kẹ́ ẹ rà. Inú ẹran ara wọn ni wọ́n ń kó ọ̀rá sí, ọ̀pọ̀ èyí tó ń ti Norway wá sì ti fi oṣù ẹ̀ẹ̀rùn rẹ̀ jẹ Calanus àjẹyó. Gíráàmù 100 títúsì máa ń ní nǹkan bíi mílígíráàmù 2,300 EPA àti DHA, ìyẹn hóró krill 23. Èyí tí wọ́n pa ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá ló sanra jù. Ti ìgbà ìrúwé máa ń gbẹ. Bí ọjọ́ pípa bá wà lára páálí, ẹ béèrè lọ́wọ́ oníyìnyín. Ẹ má dín in gbẹ: púpọ̀ nínú ọ̀rá yẹn á ṣàn sínú òróró agbada, ẹ ó wá da òmẹ́gà-3 nù sí kòtò. Ẹ sè é sínú ọbẹ̀ ata, ìṣẹ́jú 10 sí 12 lórí iná pẹ̀lẹ́, ẹ sì fi ẹ̀bà gbá omi ọbẹ̀ náà tán.